Ẹ hun headband kan kí ẹ tó ní crochet wọ́n

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti gbé aṣọ crochet tó ń tà síbí báyìí, ẹ̀ẹ́ rí i lábẹ́ rẹ̀: "Òwú lásán ló wọ́n tó yìí?"

2/ Òwú lásán kẹ̀? Ẹ̀rọ wà tó ń hun súwẹ́tà o, ṣùgbọ́n ojúlówó crochet, ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe é. Èyí tí ẹ rà ní owó pọ́ọ́kú lọ́jà yẹn náà, ẹnì kan ló jókòó hun ún. Èló ni ẹ rò pé wọ́n san fún un?

3/ Èrò tèmi ni pé kí kálukú wa hun nǹkan kékeré kan wò. Ẹ má fi gáùn bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ra ìkọ́ 5mm àti òwú tó nípọn díẹ̀. Kó má dúdú, kí ẹ lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

4/ Ẹ ta chain 11. Ẹ fo èyí tó sún mọ́ ìkọ́, ẹ fi single crochet hun 10 tó kù. Ẹ ta chain 1, ẹ yí i padà, ẹ tún hun 10. Ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi yí orí yín ká, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ rán etí méjèèjì pọ̀.

5/ Ẹ máa kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan o. Tí 10 bá ti di 8, á máa tín-ín-rín lọ ni. Ẹ tú u, kò sí ẹ̀sín ńbẹ̀.

6/ Tí ẹ bá parí, ẹ wo aago. Headband lásán nìyẹn o! Ẹ wá ronú kan gáùn.

7/ Owó òwú yàtọ̀, owó iṣẹ́ yàtọ̀. Ẹ san méjèèjì.