Àrẹ̀mú Olórin àti Ìgbàgbọ́ Rẹ̀

Nígbà tí Ebenezer Obey, Àrẹ̀mú ọmọ Òwu tí a bí ní Ìdogò ní 1942, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fatai Rolling Dollar tán, tí ó sì dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964, ta ni ó rò pé ọkùnrin tí ń fi jùjú mú orí àwọn ọlọ́lá wú lóde àríyá yóò di oníwàásù? Nígbà tí ó sì di oníwàásù lóòótọ́, àwọn kan bínú pé ó fi agbo ijó sílẹ̀ nígbà tí agbo ń gbóná. Kí n má purọ́, èmi náà ṣàárò ijó. Ṣùgbọ́n odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun: ẹni tí ó bá fetí sí àwo rẹ̀ àtijọ́ yóò gbọ́ ìyìn Olúwa láàárín oríkì olówó. Bí a bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ lóde ìgbéyàwó lónìí, àti ọ̀mùtí àti alàgbà ìjọ ni ó ń dìde jó.