Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Dùùrù

Ìyá kan ní apá Ìsẹ́yìn ló kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní ó ti pé ọdún kan tí ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ń lọ sí kíláàsì kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Síbẹ̀, orin kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tẹ̀, ìyẹn náà kì í sì í dé ìparí kí ó tó dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá béèrè pé ṣé kí òun yọ ọmọ náà kúrò níbẹ̀, nítorí ó jọ pé Olúwa kò fún un ní ẹ̀bùn yẹn.

Màmá, mo fẹ́ dá yín lóhùn ní gbangba, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kíláàsì dùùrù sílẹ̀ ní ìjọ tí mo wà ní Ṣakí, ọmọkùnrin kan wà láàárín àwọn tó wá, etí rẹ̀ mú púpọ̀. Bí ẹ bá kọ orin sí i létí lẹ́ẹ̀kan péré, yóò wá ibi tí dó rẹ̀ wà rí. Mo fún un ní iṣẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì tẹ ìlà mẹ́rin orin kan pọ̀. Sátidé kìíní, kò mọ̀ ọ́n. Sátidé kejì, kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, inú bí mi, mo sì sọ lójú gbogbo akọrin pé ọ̀lẹ ni, pé ó ń fi àkókò mi ṣòfò. Ọmọ náà kò wí nǹkan kan. Ó gbé ìwé rẹ̀, ó lọ, kò sì padà wá mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ bu omi fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Ọmọ yìí gba ṣọ́ọ̀ṣì wá láti ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní títì ni òun bá ilẹ̀kùn.” Ẹ̀yin ará mi, mo ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń ti yàrá náà, kí àwọn ọmọdé má baà ba kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí gbogbo ìjọ dáwó rà jẹ́. Mo ń bá ọmọ wí nítorí ohun tí èmi fúnra mi kò jẹ́ kí ó ṣe.

Mo bẹ ọmọ náà níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò padà. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ọ̀kadà ló ń tún ṣe. Bí a bá pàdé lọ́nà, yóò dọ̀bálẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kò tí ì gbọ́ kí ó kọrin láti ìgbà náà.

Nítorí náà, màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé níbo ni ọmọ yín ti ń fọwọ́ kan dùùrù láti Sátidé kan sí èkejì? Bí ó bá jẹ́ pé kò sí, a jẹ́ pé ọdún kan tí ẹ kà yẹn kì í ṣe ọdún kan. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ kò ju wákàtí 52 lọ lọ́dún, ohun tí ọwọ́ bá sì kọ́ ní Sátidé, tí kò tún un ṣe títí ọjọ́ mẹ́fà, yóò ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ kan lọ.

Ará Ìsẹ́yìn sì ni yín, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé èyí fún yín. Ọmọ tí a bí sí agbo ilé ahunṣọ, ṣé Sátidé nìkan ló ń rí òfì? Láti kékeré ni yóò ti máa bá wọn ká òwú, tí yóò máa wo bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi gùn dé ìtẹsẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi jókòó sídìí òfì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbọ́ èdè ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Àyàn, ìlù kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn, kì í ṣe ìyáàlù. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀mí ló bà lé ahunṣọ tí ó fi mọ aṣọ òkè hun.

Ṣùgbọ́n tí ó bá kan dùùrù, àwa onígbàgbọ́ a máa sọ bẹ́ẹ̀. Òbí yóò mú ọmọ wá, yóò ní, “Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà sí ìka rẹ̀.” Mo máa ń gbà á o, n kò kọ̀. Lẹ́yìn àdúrà, mo máa ń ní kí wọ́n ṣí Ìwé Kíróníkà Kìíní, orí 25. Àwọn akọrin tí Dáfídì yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ jẹ́ 288, ẹni tí a ti kọ́ ní orin Olúwa sì ni wọ́n. Olùkọ́ wà nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Dáfídì alára, kí wọ́n tó pè é wá sí ààfin Sọ́ọ̀lù, òkìkí rẹ̀ ti kàn pé ó mọ háàpù ta. Ibo ni ẹ rò pé ó ti kọ́ ọ, bí kò bá ṣe nídìí àgùntàn lójoojúmọ́?

Ẹ wo àwọn tiwa náà. Ọdún 1914 ni Ẹkúndayọ̀ Phillips di atẹdùùrù àgbà ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1962. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin gẹ́gẹ́ bí ọmọdé, tó sì ti kọ́ dùùrù, kó tó di pé ní ọdún 1943 ó gba oyè tó ga jù lọ nínú ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlùfáà ni bàbá Ṣówándé, orin ṣọ́ọ̀ṣì sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Akin Euba àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọdún 1935 kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Bàbá Euba ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní píánò. Bàbá Bánkọ́lé jẹ́ atẹdùùrù àti olórí akọrin, ìyá rẹ̀ náà sì ń kọ́ni lórin. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìjọ tiwa, ṣùgbọ́n òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ilé ni dùùrù ti kọ́kọ́ bá wọn. Lókè òkun pàápàá, Bach, ará Jámánì nì, nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní ọdún 1720, ìwé orin kékeré ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fún un, àwọn orin kúkúrú tí ọwọ́ ọmọdé lè ká.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: “Pásítọ̀, bàbá ọmọ yìí kò mọ dùùrù, a kò sì ní kíbọ́ọ̀dù nílé.” Ẹ gbọ́ bí àwa ṣe ń ṣe é.

Ẹ mú páálí ńlá kan, kí ẹ fi bírò àti rúlà ya eyín dùùrù sí i (eyín ni a ń pè é ní kíláàsì wa). Funfun 15, dúdú 10, kí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti kíbọ́ọ̀dù gan-an mu. Kí ọmọ máa tẹ páálí yìí lórí tábìlì, kí ó sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ kọ dó-ré-mí orin náà bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Páálí kò lè dún, kò sì lè sọ fún un pé ó ṣì í tẹ̀, èyí ni àléébù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka yóò mọ ọ̀nà. Kò fẹ́ iná NEPA, kò fẹ́ bátìrì, eruku ọyẹ́ kò sì lè dí i. Ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ wa lo páálí fún oṣù márùn-ún. Ọjọ́ tí ó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù, ó ju àwọn méjì tí wọ́n ní i nílé lọ. Àwọn méjì wọ̀nyẹn, bọ́tìnnì tí ń lu ìlù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń mi orí sí i. (Ìyẹn náà kì í ṣe ìdánrawò o. Bẹ́ẹ̀ sì ni bọ́tìnnì Transpose. Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù wa ni kò mọ̀ ju ojú ohùn kan lọ. Bí bọ́tìnnì náà bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Ìkórè, ìtìjú dé. Ní ọ̀dọ̀ mi, ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi mọ ojú ohùn mẹ́ta.)

Iṣẹ́ tí à ń fún ọmọ sì gbọdọ̀ kéré. Ìlà mẹ́rin tí mo fún ọmọ ọjọ́sí yẹn ti pọ̀ jù, àní bí ilẹ̀kùn ìbá tilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìlà kan ni mo ń fún wọn báyìí, ọwọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, ọwọ́ òsì lọ́tọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí a tó pa méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó bá mọ ìlà kan dáadáa ní ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fẹ́ wo ìlà kejì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní àkókò iṣu gbígbìn àti àgbàdo kíkó, mo máa ń dín in kù sí i, nítorí ọmọ tó ti oko dé lálẹ́ kò ní agbára kan mọ́.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ọwọ́ ìyàwó bàbá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà, nítorí kì í kúrò nílé. Ìwé kan wà lórí tábìlì tí ọmọ ń kọ orúkọ àti àkókò rẹ̀ sí. Nínú ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ èyí, eyín kan ṣẹ́ lára kíbọ́ọ̀dù náà, àwọn alàgbà sì bínú sí mi gidigidi. A tún un ṣe.

Màmá, ẹ má tí ì yọ ọmọ yín. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ní kí ó jókòó sí tábìlì, kí ó fi ìka tẹ orin kan ṣoṣo yẹn fún yín, kí ó máa fi ẹnu kọ ọ́. Ẹ jókòó tì í títí yóò fi parí. Níbi tí ó bá ti dà rú, ẹ má bá a wí, ẹ kàn ní kí ó tún ibẹ̀ nìkan tẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó sì lọ sùn. Kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la àti lọ́túnla. Tí ó bá wá di Sátidé, ẹ bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀.