Ibi Pẹlẹbẹ La Ti Ń Mú Ọ̀ọ̀lẹ̀ Jẹ

Ọ̀ọ̀lẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná kì í ṣe oúnjẹ oníkánjú. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a fi ata àti epo pò, tí a sì pọ́n sínú ewé, máa ń ki láàárín, ó sì máa ń pẹlẹbẹ létí. Etí ló ń kọ́kọ́ tutù. Àárín á ṣì gbóná janjan. Ẹni tó bá kọlu àárín á jó lẹ́nu. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí á jẹ ẹ́ tán tadùntadùn. Èyí ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi ní ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Wọ́n ń pa òwe náà fún ẹni tí iṣẹ́ ńlá ń bà lẹ́rù, wọ́n sì ń pa á fún ẹni tí ojú ń kán. Wọ́n ní kí ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkejì sì rọra.

Irú àwọn méjì yìí pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ langba tó fẹ́ di òṣèré lóde òní. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan á wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkìrun, ìfẹ́ tíátà á máa jó o lára, ṣùgbọ́n kò mọ ẹnì kankan nídìí iṣẹ́ náà, kò sì tíì ṣe eré níwájú ẹlòmíràn àfi àwọn ará ilé rẹ̀. Ó jókòó, ó ń retí ọjọ́ tí ẹnìkan yóò wá pè é. Ẹnìkejì rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn ju kí àwòrán òun wà lójú pósítà lọ, ó sì ń wá ẹni tí òun lè fún lówó kí wọ́n fi òun ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Lójú tèmi, ohun kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì: wọn kò ka ohun kékeré tó wà nítòsí wọn sí iṣẹ́.

Ẹ wo àwọn ọmọ Ìkòròdú tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò àti ìbátan ni wọ́n. Wọn kò ní kámẹ́rà ńlá, wọn kò sì ní aṣọ eré. Fóònù ni wọ́n mú, wọ́n ń wo fíìmù àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń sín in jẹ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bárò di mọ́tò, ohun èlò inú ilé di ohun ìjà. Kì í ṣe àwàdà lásán o. Ẹni tó bá sín òṣèré jẹ títí dórí bó ṣe yí ọrùn, á kọ́ bí ojú ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu bá dákẹ́, á kọ́ ibi tó yẹ kí òun dúró sí kí kámẹ́rà lè rí òun, á sì mọ̀ pé a lè ṣe ìran kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó gún. Ní ọdún 2020, Netflix fi ohun èlò ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò Russo, tí wọ́n wà nídìí fíìmù Extraction, rí bí àwọn ọmọ náà ṣe sín in jẹ, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀; èyí tí wọn kò ní ló wá wọn wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó la ọ̀nà tíátà Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé nígbà tó ṣe eré fún ìjọ aládùúrà kan ní Èkó ní 1944. Olùkọ́ ni Dúró Ládípọ̀. Orin ìjọ ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n kọ ìlù ìbílẹ̀ tó mú wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, nígbà tó sì fi máa di 1964, eré rẹ̀, Ọba Kòso, ti dé Berlin ní Jámánì. Nínú ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ìgbà náà, ọmọ ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ru ẹrù, á lẹ pósítà, á gberin, kó tó di ẹni tó ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lójú agbo. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun.

Níbo wá ni ibi pẹlẹbẹ wà fún ọmọ ayé òde òní? Ó wà nínú eré ọjọ́ àṣà níléèwé, àti eré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún wà lẹ́nu ìyá àgbà. Ìdí ni pé nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, wọn kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òṣèré. Wọ́n á sọ ohun tí ìran náà dá lé fún un, òun ni yóò wá ọ̀rọ̀ sí i. Ẹni tí kò mọ òwe, tí kò mọ bí ìyàwó ṣe ń kí bàbá ọkọ rẹ̀, tí kò fetí sí ẹ̀ka-èdè Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú rí, ọ̀rọ̀ á wọ́n lẹ́nu rẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Kí ọmọ náà lọ jókòó ti àwọn àgbà, kó tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń ná ọjà àti bí wọ́n ṣe ń parí ìjà. Kò ná an ní kọ́bọ̀.

Bí wọ́n bá wá pè é sí lokéṣọ̀n, ó lè jẹ́ wákà-páàsì ni yóò kọ́kọ́ ṣe: kó gbé omi wọlé, kó kọjá lọ́jà. Kó má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Kó tètè dé, kó pa fóònù rẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìran náà ni kó wọ̀ tí wọ́n bá ń parí rẹ̀, bó tilẹ̀ di ọjọ́ kejì. Dairẹ́tọ̀ kì í gbàgbé ọmọ tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Inú eré tẹlifíṣọ̀n I Need to Know, tó ń lọ ní ìparí àwọn ọdún 1990, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ mọ òṣèré Fúnkẹ́ Akíndélé. Ọdún 2008 ni fíìmù rẹ̀, Jénífà, jáde. A Tribe Called Judah rẹ̀, tó jáde ní 2023, di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wo bílíọ̀nù náà kò ka nǹkan bí ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn sí.

Ìkánjú ló ń ti ọmọ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Ẹni tó ní kí ọmọ sanwó kí òun tó fún un ní ipa, tàbí tó ní kí ọmọbìnrin dá wá sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọ́díṣọ̀n, kì í ṣe òṣèré ló ń wá. Ilé-ẹ̀kọ́ lè gba owó ẹ̀kọ́; ipa inú fíìmù kì í ṣe ohun tí à ń fowó rà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín lọ. Ẹ ka ìwé àdéhùn, ẹ bèèrè aago tí iṣẹ́ yóò parí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níléèwé dúró. Onítíátà gidi kò ní bínú sí i. Nígbà kan, alágbe ni wọ́n ń pe onítíátà, àwọn òbí a sì máa lé ọmọ wọn kúrò nídìí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá lé á yọ́ lọ, ọmọ tó bá sì yọ́ lọ ni kò ní ẹni tí yóò bá a ka àdéhùn.

Ṣùgbọ́n òwe yìí kò ní ká jẹ etí ká jókòó tì í. Onítíátà Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti lórúkọ kó tó lọ lo oṣù mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ eré ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé eré Ọ̀mùtí jáde láti inú ìwé Amos Tutùọlá. Bí ẹni tó ti lórúkọ bá tún lè padà di ọmọ ilé-ìwé, kí ni ìtìjú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún? Eré iléèwé ti ọdún yìí ni kó mú un dé inú ẹgbẹ́ tíátà ìlú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ ni kó mú un dé ọ́díṣọ̀n, tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà ní yunifásítì. Kó má dúró de ìgbà tí ẹnìkan yóò fún un láṣẹ. Ọmọ tó bá ti ṣe eré kan parí níwájú ogún èèyàn, tí wọ́n sì gbà á gbọ́, ti di òṣèré. Ó kù kó máa dára sí i.