Ẹ Bèèrè Irin Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Sanwó

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ṣùgbọ́n orí igbá àgbàdo wa ní ọjà Ìkọ̀tún ló máa já sí. Afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní háídrójìn. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko. Inú gáàsì tí à ń wà nílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní 2022, ti ń yọ ọ́. Ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé kí á máa fi iná oòrùn yọ ọ́ láti inú omi, kí èéfín lè dínkù láyé. Ní 2021, Jámánì ṣí ọ́fíìsì sí Àbújá nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa kò lòdì sí i. Ohun tí à ń bèèrè ni pé, irú ẹ̀rọ wo la fẹ́ rà?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ń lo plátínọ̀mù àti irídíọ̀mù. Irídíọ̀mù tí gbogbo ayé ń wà lọ́dún kan kò ju bíi tọ́ọ̀nù 7 tàbí 8 lọ, bẹ́ẹ̀ wúrà ju 3,000 lọ! Gúúsù Áfíríkà ló ń mú èyí tó pọ̀ jù jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, áúnsì kan kò tó 2,000 dọ́là. Ní 2021 ó ti kọjá 6,000. Ẹ̀yin oníṣòwò, ta ló lè gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ka irú ọjà bẹ́ẹ̀?

Níkẹ́ẹ̀lì àti irin ni èkejì ń lò. Níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wà lọ́dún ju mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àjèjì sí Áfíríkà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ajílẹ̀ ní Aswan, ní Íjíbítì, ní 1960. Wọ́n lò ó ní Kwekwe, ní Zimbabwe, títí di 2015. Àìtó iná mànàmáná ló sì dá ti Kwekwe dúró, kì í ṣe àìrí irin.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ irídíọ̀mù kì í gba àyè púpọ̀, ó sì ń fara da iná oòrùn tó ń lọ sókè sódò ju èkejì lọ. Àwọn onímọ̀ sì ń wá bí wọ́n ṣe máa dín irídíọ̀mù inú rẹ̀ kù. Ó dáa, kí wọ́n máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ṣé àwa la ó máa sanwó títí wọ́n á fi rí i ṣe?

Ẹ rántí 1987, nígbà tí ìjọba fòfin de àlìkámà tí ń ti òkè òkun wá. Ó di 1992 kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì mọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹni tó gbọ́kàn lé ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí ló máa mọ̀.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba bèèrè irin inú ẹ̀rọ kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ bá àwọn aṣojú wa sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò ní Ìṣẹ̀rí. Bí ajílẹ̀ bá wọ́n, àgbàdo á wọ́n, àwa náà la ó sì máa gbọ́ èébú oníbàárà.