Ilé Tí Wọ́n Gbìn

Tí ará Táílándì bá fẹ́ kọ́ ilé, ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó yẹ kó dùn mọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè: pluk. Pluk yìí náà ni wọ́n ń lò fún gbígbin igi. Mo ronú kan ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn kan ń bínú sí àwọn olówó tó ń ra ilé onígi orí ọ̀pó ní abúlé, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n sì ń lọ tò ó síbòmíràn. Wọ́n ní olè ni.

Èmi kò gbà. Ilé àtijọ́ ti àárín gbùngbùn Táílándì ṣeé tú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń to ògiri rẹ̀ pọ̀ kó tó gbé e nàró. Èèkàn igi ló so ó pọ̀, kì í ṣe ìṣó. Ọ̀pó gbé e kúrò lọ́nà ìkún omi, abẹ́ rẹ̀ sì wà fún ẹran ọ̀sìn àti òfì. Jim Thompson, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣòwò sílíkì, fi ilé mẹ́fà kọ́ ilé tirẹ̀ ní Bangkok ní 1959. Òmíràn wá láti Ayutthaya, òmíràn láti Ban Krua, àdúgbò àwọn ahunṣọ tó wà ní òdìkejì omi. Ó tilẹ̀ yí ògiri kan padà kí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ lè kọjú sínú pálọ̀. (Èmi ì bá má yí i, ṣùgbọ́n ilé òun ni.) Mùsíọ́ọ̀mù ni lónìí.

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀. Ní 1989, ìjọba fòfin de gígé gẹdú nínú igbó, tíìkì sì di ọ̀wọ́n. Àwọn kan wá ń ra ilé nítorí pátákó nìkan. N kò bá ọmọ tó jogún ilé tó ń jò wí tó bá tà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àríwá, ní agbègbè Chiang Mai. Àtẹ́rígbà oníṣẹ́ ọnà kan máa ń wà lókè ilẹ̀kùn yàrá níbẹ̀, ham yon ni wọ́n ń pè é. Ham ní èdè ibẹ̀, kórópọ̀n ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà pé agbára onílé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra ilé náà á kọ́kọ́ na àtẹ́rígbà yìí, kí agbára onílé àná lè kúrò. Ìyẹn ni pé àṣà wọn ti mọ̀ tipẹ́ pé ilé lè di ti ẹlòmíràn, ó sì ti ṣètò bí yóò ṣe rí. Olùrà òde òní tó gbé e kọ́ sára ògiri ilé oúnjẹ kò nà án, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó yẹ kó nà án.

Ẹgbẹ́ Siam Society kó ilé Kamthieng láti Chiang Mai wá sí Bangkok ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì fi í ṣe mùsíọ́ọ̀mù. Kì í ṣe gbogbo olùrà ló lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló lè gba ohùn gbẹ́nàgbẹ́nà sílẹ̀: kí ni orúkọ ọ̀pó kọ̀ọ̀kan, kí ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó ri sao ek, ọ̀pó àkọ́kọ́, mọ́lẹ̀, sok mélòó, ìyẹn ìgbọ̀nwọ́ mélòó, ni yàrá yìí? Fóònù ọwọ́ wọn ti tó fún un, kí wọ́n tó yọ èèkàn àkọ́kọ́.