Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ló Ń Jó

 Ewì ni mo ti pinnu láti kọ lọ́tẹ̀ yìí, ewì ìfẹ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ewì ìfẹ́ kì í sì í jáde dáadáa lẹ́nu ẹni tí inú ń bí. Torí náà ẹ gba èyí ná.

Ẹ rántí fídíò tí a wò níparí ìpàdé wa tó kọjá, lórí fóònù tí a gbé ti ìgò omi. Bàbá arúgbó kan, orí rẹ̀ ti ń pá, kò wọ ẹ̀wù, aṣọ funfun ló ró mọ́ ìdí, ṣaworo wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Orin kan láti inú Gita Govinda, ìwé ewì tí Jayadeva kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, ni wọ́n ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá yìí rọra gbé ojú sókè, ó fi ìka kan kan etí, kí á tó ṣẹ́jú ó ti di Radha, ọmọge tó ń retí olólùfẹ́. Kò dé wíìgì, kò ró ìró obìnrin. Ojú àti ọwọ́ lásán ni. Gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári, àwa tí a kì í dákẹ́.

Ìgbà náà ni ẹnì kan láàrin wa (mi ò ní dárúkọ, ó mọ ara rẹ̀) là á mọ́lẹ̀ pé: "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni jàre. Bí wọ́n ṣe ń bí àwọn ará Índíà nìyẹn." Gbogbo ìjókòó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlòmíì tún fi òwe tì í lẹ́yìn, ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá ni. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà torí pé ilẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́ mọ́.

Kelucharan Mohapatra ni orúkọ bàbá yẹn. Odissi ni orúkọ ijó náà. Abúlé Raghurajpur, nítòsí ìlú Puri, ní ìpínlẹ̀ Odisha lápá ìlà-oòrùn Índíà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1926. Ó kú lọ́dún 2004. Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹ̀jẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun lẹ fẹ́. Ayàwòrán ni bàbá tó bí i. Abúlé ayàwòrán ni Raghurajpur: aṣọ ni wọ́n máa ń fi ẹfun àti àtè tí wọ́n sè láti inú kóró àjàgbọn kùn, wọ́n á dán an títí yóò fi le, wọ́n á wá ya ìtàn àwọn òrìṣà wọn sí i. Bó bá ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí títí tó fi kú. Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá, bàbá náà mọ ìlù lù. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lè di ibẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n jọ ń gbọ́ ìlù ní abúlé kan náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tiwọn tutù ni?

Ijó kan wà ní agbègbè yẹn tí wọ́n ń pè ní gotipua. Ọmọdékùnrin ló ń jó o, wọ́n á múra bí obìnrin, wọ́n á di irun, wọ́n á lé tìróò. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Òróró ni wọ́n ń fi pa ara, olùkọ́ á máa tẹ ara ọmọ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ẹ̀yìn á fi ká bí ọrun tí ọdẹ fà. Bí ohùn bá sì ti ń yí, tí irùngbọ̀n bá ń yọ, ó tán nìyẹn, kí ọmọ máa wáṣẹ́ míì lọ. Kelucharan kọ́ ijó yìí ní kékeré. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wọ ẹgbẹ́ Mohan Sundar Dev Goswami, ọ̀gá tó ń kó àwọn ọmọdé káàkiri láti ṣe eré ìtàn Krishna. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dé lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún (èmi náà wà níbẹ̀), ẹ fojú inú wo kí èèyàn máa gbé nínú ohun tó ń kọ́. Orin, ìlù, eré, bí wọ́n ṣe ń kun ojú, bí wọ́n ṣe ń to orí ìtàgé. Kò sí ìsinmi sẹ̀mísítà.

Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ yìí bọ́ ọ? Lébìrà ló ṣe. Oko ewé betel ló ti ṣe lébìrà, ewé tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu lọ́hùn-ún bí àwọn bàbá wa ṣe ń jẹ obì. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá tún rí àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ ìjọba. Àwọn ìka tó di òdòdó, tó di àgbọ̀nrín, tó di fèrè Krishna lójú yín lọ́jọ́ náà, àwọn ìka náà ló gba owó iṣẹ́ oko.

Ilé eré kan tó ń jẹ́ Annapurna Theatre, ní ìlú Cuttack, ló wá gbà á. Kí ló gbà á fún? Ìlù! Ẹ̀yìn ìlù tabla ló jókòó sí, tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ibẹ̀ ló ti pàdé Laxmipriya, oníjó, tó di ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń jó lójú agbo, ọkọ ń lùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ ijó lọ́dọ̀ Pankaj Charan Das, ẹni tó dàgbà sáàrin àwọn mahari, ìyẹn àwọn obìnrin tó máa ń jó nínú tẹ́ḿpìlì Jagannath ní Puri. N óò padà sórí àwọn obìnrin yìí, torí pé àwọn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ìlù. Nínú Odissi, ìlù mardala ní sílébù tirẹ̀, ẹnu ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi pè é kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Oníjó tí kò lè pe ìlù lẹ́nu kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kelucharan di olùkọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó lu mardala fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ìtàgé, fún Sanjukta Panigrahi pàápàá, tó kọ́ ijó lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré, tó sì gbé Odissi dé ojú ayé kí ikú tó mú un lọ lọ́dún 1997. Olùkọ́ á jókòó sílẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ á wà lójú iná. Ọmọ àyàn tó bá wà láàrin yín mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á ní ìlù wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun náà, wọn ò ní béèrè iye ọdún tó fi ru omele tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyá ìlù.

Ìdúró kan wà tí wọ́n ń pè ní chauka. Wàá ya ẹsẹ̀ méjèèjì, wàá tẹ orúnkún síta, wàá na apá kó ká ní ìgbọ̀nwọ́, gbogbo ara á ní igun mẹ́rin bí ère Jagannath. Èkejì ni tribhangi: orí yà, àyà yà, orúnkún yà, ara á wá rí bí odò tó ń wá ọ̀nà. Látinú méjèèjì yìí ni ìyókù ti ń jáde. Mo gbìyànjú chauka nínú yàrá mi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi béèrè bóyá inú ló ń run mí.

Àwọn kan á tún sọ pé, "Ijó yẹn ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ẹ wo ara ògiri!" Òótọ́ ni, wọ́n gbẹ́ oníjó sára ihò àpáta ní Udayagiri láyé àtijọ́, wọ́n sì gbẹ́ òmíràn sára tẹ́ḿpìlì Konark ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Ṣùgbọ́n òkúta kì í jó. Òkúta á fi ìdúró kan hàn ọ́ níbí, á fi òmíràn hàn ọ́ lọ́hùn-ún. Ta ni yóò wá ọ̀nà tí ara ń gbà láti ibí dé ọ̀hún? Èèyàn ni. Èèyàn tó ń làágùn.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló ṣe é. Lọ́dún 1954, níbi àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì ní Delhi, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Priyambada Mohanty jó Odissi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níjòókòó ni kò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ijó bẹ́ẹ̀. Charles Fabri, alárìíwísí tí wọ́n bí ní Họ́ńgárì, wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í polongo rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹranko, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ló ń ṣèwádìí lé lórí. (Ẹ̀yin ará fákọ́tì sáyẹ́ǹsì, ẹ ò ní àwáwí mọ́.) Kí àwọn ọdún 1950 tó parí, àwọn olùkọ́ ijó àti àwọn onímọ̀ Odisha kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan, wọ́n pè é ní Jayantika. Kelucharan wà níbẹ̀, Pankaj Charan Das wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí eré Odissi kan yóò ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn: mangalacharan, batu, pallavi, abhinaya, moksha. Ìpàdé ni o! Ìpàdé bíi tiwa, bóyá ariwo tiwọn kéré ni. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní ẹ̀jẹ̀, àwọn èèyàn ló jókòó tì í.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn mahari. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mahari máa ń gba ọmọbìnrin kékeré tọ́, tó máa kọ́ ọ níjó, tó máa kọ́ ọ lórin, kó lè rọ́pò òun níwájú òrìṣà. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́! Ẹ̀jẹ̀ dà níbẹ̀? Ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wò wọ́n, orúkọ wọn bàjẹ́, àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ wọn mọ́. Ìgbà kan náà ni ohun tí wọ́n mọ̀ ń gorí ìtàgé ńlá, lára àwọn ọmọ ilé ńlá. Sasimani Devi, ọ̀kan lára àwọn ìkẹyìn wọn ní Puri, kú lọ́dún 2015, kò sì sí ẹni tó bọ́ sí ipò rẹ̀ nínú tẹ́ḿpìlì. Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀, ẹ dá mi lóhùn: bí ó bá ń ṣàn fúnra rẹ̀, kí ló dá a dúró?

Ẹnì kan á bi mí pé ṣé mò ń yin ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọdé ni. Rárá o. Mi ò sọ pé ká yọ ọmọ ọdún mẹ́fà kúrò nílé ìwé ká máa ká a lẹ́yìn kò. Bí wọ́n ṣe ń jù wọ́n sílẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n bá yọ kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ̀ ń bo ìyà náà mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jìyà, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ẹnikẹ́ni, a ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kọ́bọ̀.

Ibi tó ti kàn mí nìyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan béèrè lọ́wọ́ mi nílé lọ́dún tó kọjá pé kí ni mò ń kà. Mo ní Yorùbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Yorùbá? Ṣebí wọ́n bí ọ mọ́ ọn ni?" Gbogbo ará ilé bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi odindi sẹ̀mísítà kan jà pẹ̀lú àrańmọ́ fáwẹ́lì, tí mo fi oṣù méjì tẹ̀ lé àgbàlagbà kan kiri kí n tó lè ka oríkì kan já láìṣìnà. Ìdáhùn kan ò sí lẹ́nu mi. Mo jẹ ìrẹsì mi. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ̀bi o, torí pé nígbà tẹ́ ẹ sọ fún mi ní sẹ̀mísítà tó kọjá pé ewì mi jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, ńṣe ni mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo tún un kọ. Ìwé tí mo ya dànù kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìjọba Índíà fún Kelucharan ní Padma Shri lọ́dún 1974, ó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta nígbà náà. Padma Bhushan tẹ̀ lé e lọ́dún 1988, Padma Vibhushan lọ́dún 2000. Lọ́dún 1993, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jókòó ti ọmọ-ọmọ, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn Ratikant dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Srjan. Ó ṣì ń kọ́ni. Kí oníjó Odissi tó gbé ẹsẹ̀, yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀, yóò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ilẹ̀ tó fẹ́ máa tẹ̀. Bàbá yẹn náà ṣe é nínú fídíò wa, ẹ kàn ń pariwo pé kí wọ́n fò ó kọjá ni.

Fídíò náà ṣì wà lórí fóònù mi. Nípàdé tó ń bọ̀, a óò tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní fò ó. Ẹ má wo ojú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Kí ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ má wulẹ̀ wá àga. Kó dúró ní chauka títí fídíò yóò fi tán, ká wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ṣe é.