Ẹ Fi Ọmọ Ẹyẹ Sílẹ̀ Fún Ìyá Rẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí lè kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré nínú ẹ̀sìn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó mọ igi ọ̀pẹ méjì tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà á dé. Kò ní pẹ́ tí imọ̀ ọ̀pẹ á fi ya wẹ́wẹ́, tí ìtẹ́ á sì so rọ̀ lórí rẹ̀ bí èso. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa, àbájọ tí a fi ń fi ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wé ẹ̀gà.

Ní ọdún tí ó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àìlá, àwọn ọmọkùnrin kan fi ọ̀pá gígùn já ìtẹ́ mẹ́jọ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ ni a bá nílẹ̀, èèrà ti bò wọ́n. Àwọn ìyá wọn ń fò yí ọ̀pẹ ká, kòkòrò tí wọ́n gbé bọ̀ wá fún ọmọ ṣì wà lẹ́nu wọn. A bá àwọn ọmọ náà wí, a sì nà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, a rí i pé ẹ̀bi wa ni ó pọ̀ jù. Kò sí ẹnì kan nínú àwa àgbà tí ó ti pè wọ́n jókòó rí, kí ó fi ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí igi náà hàn wọ́n.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, a kó wọn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láràárọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ní kí wọ́n kàn máa wò. Akọ ni ó ń hun ìtẹ́, èyí tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tí orí rẹ̀ sì dúdú. Á fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ hun ún bí òrùka, lẹ́yìn náà á kọ́ ilé yí i ká, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á sì kọjú sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá parí, á so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, á máa gbọn apá pe abo. Abo á wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ, akọ fúnra rẹ̀ á sì tú ilé tí ó ti gbẹ náà, á tún òmíràn hun. Bí abo bá gbà á, á tẹ́ ohun rírọ̀ sínú rẹ̀, á yé ẹyin bíi 2 tàbí 3, á sì sàba lé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 12. Ojú ọmọ tí ó bá jáde kò tíì là, kò sì ní ìyẹ́ lára. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n á fi bọ́ ọ kí ó tó lè fò.

Tọkọtaya onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Nicholas àti Elsie Collias, gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀gà yìí ní ọdún 1964. Wọ́n rí i pé ọmọ akọ tí kò bá rí ewé fi kọ́ iṣẹ́ nígbà èwe, híhun máa ń ṣòro fún un nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń mú ọmọ kúrò ní ilé kéú láìtíì parí, ẹ gbọ́ o!

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ? Nínú Suuratul-An‘aam, aayah 38, Ọlọ́hun fi yé wa pé ìjọ ni àwọn ẹyẹ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ. Hádíìsì kan sì wà nínú Sunan Abu Dawud, láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Mas‘ud. Àwọn sàhábà wà lórí ìrìn-àjò, wọ́n rí ẹyẹ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà. Ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í na apá, ó ń rá bàbà lókè wọn. Nígbà tí Ànábì dé, ó béèrè ẹni tí ó kó ìbànújẹ́ bá ẹyẹ yìí lórí ọmọ rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọmọ náà padà fún un. Ó wà lórí ìrìn-àjò, ọ̀rọ̀ ńlá wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ kò ka ẹkún ẹyẹ sí ohun kékeré.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin òbí á sọ pé olè ni ẹ̀gà, pé ó ń jẹ àgbàdo àti ìrẹsì lóko, ó sì ń ba ọ̀pẹ jẹ́. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí àgbẹ̀ má ṣọ́ oko rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti dá a lábàá pé kí a gé ọ̀pẹ méjèèjì, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ tí ń dà sí ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ìdáhùn wa ni pé, bí a bá tilẹ̀ máa gé wọn, kí a dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìtẹ́ á ti ṣófo. Onílé tí ó mọ Ọlọ́hun kì í lé ayálégbé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ jáde sínú òjò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ lọ́wọ́ yín. Èkíní, ẹ fi rọ́bà tí ẹ fi ń ta ẹyẹ àti ọ̀pá sílẹ̀. Èkejì, bí ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ bá já bọ́, ẹ pe olùkọ́ kí ó dá a padà sínú ìtẹ́ bí ọwọ́ bá tó o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìyá ẹyẹ kì í gba ọmọ tí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn mọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ti hu ìyẹ́ tí ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nílẹ̀, ẹ gbé e sórí igi kúkúrú, ẹ lé ológbò, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ á wá bọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé e sínú páálí lọ sílé. Nígbà tí àwa náà wà ní kékeré, a gbé ọ̀kan lọ sílé, a fún un ní ẹ̀bà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú, a kò sì tíì gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín jókòó ní ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, kí ẹ jọ wo ẹyẹ tí ń bọ́ ọmọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Lọ́dún yìí, kò sí ìtẹ́ kan tí ó já lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí a bá jókòó. Àwọn gan-an ni ó ń ṣọ́ ọ̀pẹ náà báyìí.

Kí Ọlọ́hun fi àánú sí ọkàn àwa àti àwọn ọmọ wa, kí Ó sì ṣàánú gbogbo wa. Àmín.